Ìkòkò Ọbẹ̀ Gbogbo Ilé Ni Kí A Tún Ṣe, Kì Í Ṣe Abọ́ Ọmọdébìnrin Kan Ṣoṣo

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí oúnjẹ aṣaralóore ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan, ìyá kan dúró dè mí títí àwọn yòókù fi lọ tán. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi ìborùn wé ọrùn bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn mú gidigidi. Ìyá náà ní òun ti fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú fọ ẹ̀yìn ọrùn ọmọ náà títí ara rẹ̀ fi bó, síbẹ̀ dúdú tí ó wà níbẹ̀ kò lọ. Ó rò pé ọmọ náà kì í wẹ̀ dáadáa ni. Ìgbà tí mo bèèrè nípa nǹkan oṣù rẹ̀ ni ohùn wá rẹlẹ̀: oṣù mẹ́rin ti kọjá tí kò rí i, wọ́n sì ti fi ìtọ̀ rẹ̀ yẹ oyún wò lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí oyún. “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ayé kọ́ ló ń ṣe ọmọ mi yìí?” (Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pe gbogbo wa, bí àwa olùkọ́ni nípa ìlera kò tilẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì.)

Ayé kọ́. Ohun tí ó ń ṣe ọmọ náà, gẹ́gẹ́ bí dókítà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn náà, ni àwọn oníṣègùn ń pè ní polycystic ovary syndrome, tí wọ́n máa ń gé kúrú sí PCOS. Kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1935, ní ìlú Chicago lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, oníṣègùn méjì, Irving Stein àti Michael Leventhal, kọ nípa obìnrin méje tí wọ́n ní irú ìṣòro yìí. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 obìnrin tí ó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, bíi 6 sí 13 ni ó ní in, àti pé nínú àwọn tí ó ní in pàápàá, àwọn tí kò mọ̀ lè tó 70 nínú 100. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ilé tiyín nìkan ni.

Obìnrin ní àpò ẹyin méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún ilé ọmọ, ọ̀kan lápá òsì. Lóṣooṣù, ó yẹ kí ẹyin kan gbó kí ó sì jáde. Nínú ara ọmọ tí ó ní ìṣòro yìí, àwọn ẹyin a máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbó ṣùgbọ́n wọn kì í gbó tán. Wọ́n á dúró wẹ́wẹ́ sínú àpò náà. Àwọn wẹ́wẹ́ yìí ni ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara ń rí tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé kókó wà nínú ọmọ. Kì í ṣe ìju, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Àmì tí ìyá yóò kọ́kọ́ rí ni pé nǹkan oṣù ọmọ ń ségesège. Irorẹ́ lè bo ojú rẹ̀, irun lè hù sí àgbọ̀n tàbí àyà, ẹ̀yìn ọrùn àti abíyá sì lè dúdú kí ó sì nípọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó máa ń sanra, ṣùgbọ́n èmi ti rí èyí tí ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Kí ni oúnjẹ ní í ṣe pẹ̀lú àpò ẹyin? Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí a bá jẹun, oúnjẹ afáralókun bíi iṣu, gaàrí, ìrẹsì àti búrẹ́dì a máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ara ní ohun kan tí a ń pè ní ínsúlìnì, òun ni alábàárù tí ń gbé ṣúgà yìí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sí inú iṣan àti àwọn ẹ̀yà ara tí yóò lò ó. Lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, àwọn ẹ̀yà ara kì í tètè ṣílẹ̀kùn fún alábàárù. Kí ni ara yóò wá ṣe? Yóò pe alábàárù púpọ̀ sí i. Bí ínsúlìnì bá sì ti pọ̀ rẹpẹtẹ nínú ẹ̀jẹ̀, a máa ti àpò ẹyin láti ṣe họ́mọ́ọ̀nù akọ ju bí ó ti yẹ lọ. Gbogbo obìnrin ni ó ní họ́mọ́ọ̀nù yìí díẹ̀. Àpọ̀jù rẹ̀ ni ó ń hu irun sí àgbọ̀n, tí ó ń mú irorẹ́ jáde, tí ó sì ń dá ẹyin dúró lójú ọ̀nà. Ínsúlìnì tí ó pọ̀ jù yìí kan náà ni ó ń mú ẹ̀yìn ọrùn dúdú. Ìdí nìyẹn tí kànìnkànìn kò fi lè mú un lọ, tí ó fi jẹ́ pé ọgbẹ́ lásán ni ìyá náà ń dá sí ọmọ lára.

Bí a bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìbójútó, ọmọ náà lè ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru bí ó bá dàgbà, ó sì lè pẹ́ kí ó tó lóyún. Mo ní ó lè pẹ́ o. N kò sọ pé àgàn ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin tí ó ní PCOS ni ó ti bímọ, nígbà mìíràn láìlo oògùn kankan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ sí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún létí pé kò ní í bímọ láyé ti ṣe é léṣe tí kò yẹ.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ àṣìṣe ti èmi fúnra mi níhìn-ín. Kò pẹ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni ìyá mìíràn mú ọmọ tirẹ̀ wá. Ọmọ náà sanra. Èmi, tí mo gbà pé mo mọ̀wé, sọ fún ìyá náà pé kí ó gba oúnjẹ alẹ́ lọ́wọ́ ọmọ, kí ó má sì jẹ́ kí ó fẹnu kan ẹ̀bà mọ́. Ìyá náà ṣe bí mo ti wí, ó tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àbúrò á jókòó yí abọ́ ká, òun nìkan á jókòó sí yàrá. Kò tó oṣù méjì tí ọmọ náà fi dákú níbi tí wọ́n ti tò sí fún àdúrà òwúrọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí a wádìí, a rí i pé ebi ni ó ń fi ọjọ́ jẹ, pé bí ó bá sì rí owó, búrẹ́dì àti bísíkíìtì ni ó ń rà jẹ lóru nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, tí yóò sì máa sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Mo ba ọmọ náà jẹ́ dípò kí n tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ìmọ̀ràn mi padà, òun gan-an sì ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́.

Ìmọ̀ràn náà ni pé kí a má ṣe dá oúnjẹ ọmọ náà sọ́tọ̀. Oúnjẹ ilé ni kí a tún ṣe, kí bàbá, ìyá, àbúrò àti ìyá àgbà jọ máa jẹ ohun kan náà. Èmi kò gbà pé ìfẹ́ ni kí á máa fi ẹlẹ́rìndòdò gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ lójú ọmọ tí a ní kí ó máa mu omi lásán. Ohun tí ó dára fún ọmọ tí ínsúlìnì rẹ̀ pọ̀ jù náà ni ó dára fún bàbá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru àti ìyá tí àtọ̀gbẹ wà ní ìdílé rẹ̀. Ta ni yóò pàdánù níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òkèlè, nítorí orí rẹ̀ ni àríyànjiyàn máa ń pọ̀ sí. Wọ́n máa ń bi mí pé èwo ni ó dára jù, ṣé iyán ni, àbí àmàlà, àbí fùfú, àbí láfún? Àwọn kan ti gbọ́ pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ni oògùn rẹ̀, wọ́n sì ń fi owó ńlá wá a kiri. Òdodo ọ̀rọ̀ ni pé afáralókun ni gbogbo wọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n lè má tètè di ṣúgà tó èyí tí ó ti pọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ òkìtì rẹ̀ bí ọ̀gán kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó jẹ òkìtì ẹ̀bà. Títóbi òkèlè ni ọ̀rọ̀, àti ohun tí a fi jẹ ẹ́. Ará Èkìtì kò gbọdọ̀ torí èyí kọ iyán sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ará Ìbàdàn kò ní í pa àmàlà tì.

Bí mo ti máa ń fi han àwọn ìyá nìyí: ẹ fojú pín abọ́ oúnjẹ sí méjì. Kí ẹ̀fọ́ kún ìdajì kan. Ẹ tún pín ìdajì kejì sí méjì, kí òkèlè tàbí ìrẹsì wà ní apá kan, kí ẹja, ẹyin, ẹran tàbí ẹ̀wà wà ní apá kejì. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, òdìkejì èyí gan-an ni à ń ṣe. Òkèlè á ga bí òkè, ọbẹ̀ á wà nísàlẹ̀ ìgbákọ, ẹran ọmọ á sì kéré tí ó fi jẹ́ pé eyín ni yóò gbé e mì. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọyòkòtò, ewédú, ilá, ewúro, gbogbo wọn ni ó pọ̀ lọ́jà wa tí owó wọn kò sì ga bí ti ẹran. Ẹ rò ó kí ó ki. Ẹ fi gbẹ̀gìrì kún ewédú, nítorí ẹ̀wà wà nínú rẹ̀. Ẹ sì dín epo kù díẹ̀. Ọbẹ̀ tí epo rẹ̀ léfòó tí a ń fi yangàn kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́.

Ní ti ẹran àti ẹyin, mo ní ẹjọ́ kan láti bá àwọn àgbà wa rò. Wọ́n ní bí ọmọ bá ń jẹ ẹyin, olè ni yóò dà. Olè kò sí nínú ẹyin. Oúnjẹ amúaradàgbà ni, ó ń mú ni yó pẹ́, kì í sì í sáré di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí owó ẹran bá ga, ẹ ra ẹja ṣáwá. Pọ̀nmọ́ dùn, n kò ní sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò lè dípò ẹja tàbí ẹ̀wà. Mo mọ̀ pé ẹ̀wà wọ́n kọjá bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2024, tí àwọn ìyá kan fi pa á tì pátápátá. Kódà kóńgò kan tí a bá fi ṣe mọ́ínmọ́ín fún ilé mẹ́fà lérè ju páálí bísíkíìtì tí a ń rà fún àwọn ọmọ lọ.

Òwúrọ̀ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣì í. Wọn kì í jẹun kí wọ́n tó jáde, ebi á wá gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù àti ẹlẹ́rìndòdò á sì ti dúró dè wọ́n níbẹ̀. Ẹ̀kọ mímu pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà méjì, kí ṣúgà inú ẹ̀kọ náà má ju díẹ̀ lọ, oúnjẹ gidi ni. Ẹ̀wà àná tí a gbé kaná ní àárọ̀ náà dára. Èmi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti ra oúnjẹ inú agolo tí ó ti òkè òkun wá nítorí PCOS. Ìlànà àgbáyé tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní ọdún 2023 sọ ọ́ kedere pé kò sí irú ètò oúnjẹ kan pàtó tí ó ta àwọn yòókù yọ fún ìṣòro yìí. Oúnjẹ tí ó dọ́gba, tí ènìyàn lè máa jẹ títí, ni ó ṣe pàtàkì.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìndòdò ni n kò ní gbójú fò. Ìgò onísẹ̀ńtílítà 50 ti ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ṣúgà tí ó tó gíráàmù 50 tàbí tí ó súnmọ́ ọn, bíi kóró ṣúgà 10. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ àti ohun mímu má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí à ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́ lọ, pé yóò sì tún dára bí ó bá lè dín sí ìdajì èyí, tí í ṣe nǹkan bíi gíráàmù 25. Ìgò kan ṣoṣo ti fi ìlọ́po méjì kọjá rẹ̀ nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé mọ́ọ̀tì ń fúnni lẹ́jẹ̀. Ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Omi ni kí ó wà lórí tábìlì, kí a jẹ ọsàn dípò kí a mu ọsàn inú páálí. Àwọn ìyá wa àtijọ́ máa ń sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni adùn-ún-jẹ yóò dá sí ọmọ lára. Àlàyé wọn lè yàtọ̀ sí ti ìmọ̀ ìṣègùn òde òní, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi gba ṣúgà lẹ́nu ọmọ, ọwọ́ tó tọ́ ni. Àwa tí a kàwé ni a dá ìgò padà sí ọmọ lọ́wọ́.

Bí ọmọ bá sanra, dídínkù díẹ̀ ti tó kí nǹkan oṣù tún bẹ̀rẹ̀ sí í tò: ẹni tí ó wọn kílógíráàmù 80, bí ó bá fi 4 sí 8 dín kù, ìyàtọ̀ lè hàn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí ó bá jẹ́ pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ má ṣe ní kí ó rù rárá. Oúnjẹ tó dọ́gba náà ni kí ó máa jẹ ní àjẹyó. Kí gbogbo wọn sì máa lo ara fún wákàtí kan lójúmọ́. Ẹ máa jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tí kò jìnnà dípò kí ó gun ọ̀kadà. Okùn fífò, bọ́ọ̀lù, ijó, oúnjẹ gígún, gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Iṣan tí ó ń ṣiṣẹ́ a máa tètè ṣílẹ̀kùn fún alábàárù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ yẹra fún. Tíì tí wọ́n ń polówó pé ó ń mú ni rù: èyí tí ó pọ̀ nínú wọn, ìgbẹ́ ni ó ń súnni yà, kò sì kan àpò ẹyin. Ìpara tí ń bóra: ọ̀pọ̀ wọn ni ó ní oògùn líle tí ó ń mú irorẹ́ pọ̀ sí i. Oògùn asanra tí àwọn ọmọbìnrin ń rà lábẹ́lẹ̀, bíi dexamethasone, a máa gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga, a sì máa hu irun sí ojú. Mo ti rí ọmọ tí gbogbo ènìyàn rò pé PCOS ni ó ń ṣe, tí ó fi jẹ́ pé kóró oògùn yìí ni ó ń gbé mì. Ẹ bi wọ́n léèrè ní pẹ̀lẹ́.

Oúnjẹ kò sọ pé kí a má lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ọdún kìíní tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, bí ó bá ń ségesège, kì í ṣe àìsàn. Láti ọdún kan títí di ọdún mẹ́ta, bí àárín ọ̀kan sí èkejì bá ń ju ọjọ́ 45 lọ tàbí tí kò tó ọjọ́ 21, ẹ gbé e lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọjọ́ 35 ni òdiwọ̀n. Bí 90 ọjọ́ bá kọjá láìrí i, tàbí bí ọmọ bá pé ọdún 15 tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ má ṣe dúró. Ohun mìíràn lè fà á, bí oyún, gẹ̀gẹ̀, tàbí àìjẹunkánú; dókítà ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni wọn yóò yẹ̀ wò. Ẹ má sì ṣe sáré lọ sanwó fún ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara nítorí PCOS. Ìlànà ọdún 2023 náà sọ pé kí a má fi í dá a mọ̀ títí ọdún mẹ́jọ yóò fi kọjá lẹ́yìn nǹkan oṣù àkọ́kọ́, nítorí ẹyin wẹ́wẹ́ máa ń pọ̀ nínú ọ̀dọ́bìnrin tí ara rẹ̀ le koko pẹ̀lú. Bí dókítà bá kọ metformin, tàbí tí ó kọ oògùn tí a mọ̀ mọ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí láti fi tún nǹkan oṣù ṣe, kì í ṣe pé ó ń rán ọmọ yín sí ọkùnrin. Ẹ bi í ní gbogbo ìbéèrè tó wà lọ́kàn yín kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀.

Ẹnu àwa ará ilé ni ó kù. Èmi gbà pé ọ̀rọ̀ tí à ń sọ sí àwọn ọmọ yìí ń pa wọ́n lára ju ìrẹsì lọ. “Onírùngbọ̀n,” “sísanra bí àgbá,” “ta ni yóò fẹ́ ẹ?” Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ó ní PCOS, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sì ti rẹ̀wẹ̀sì kì í ní agbára láti kọ búrẹ́dì òru. Bàbá tí ó bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹran abọ́ tirẹ̀, kí ó gé e sí méjì.

Ọmọ tí ó wé ìborùn lọ́jọ́ náà ṣì ń wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ó tó bí oṣù méje kí nǹkan oṣù rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò, kò sì tíì tò dáadáa tán. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ṣì dúdú díẹ̀. Ìyá rẹ̀ ta ẹlẹ́rìndòdò ní ṣọ́ọ̀bù kí ó tó di ìsinsìnyí, ó ṣì ń tà á, ṣùgbọ́n ó ní wọn kì í gbé e wọlé mọ́. Ó so kàlẹ́ńdà kan mọ́ ògiri yàrá ọmọ náà, ọmọ sì ń fi bírò pupa yí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá rí nǹkan oṣù ká. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, láti oṣù yìí, kí ẹ sì mú kàlẹ́ńdà náà dání nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ ní ilé ìwòsàn.